Orúkọ eṣinṣin tó ní lẹ́tà 42: ẹ bá mi gé e sí sílébù kí ọmọ mi lè pè é

Ìyá Aládìrẹ (Òkè-Baálẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ó sì ká mi lára gan-an.

Ọmọbìnrin mi wà ní SS2. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ọjọ́ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí ó dìde sọ̀rọ̀ lórí orúkọ ẹranko tó gùn jù lọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ fún un:

Parastratiosphecomyia stratiosphecomyioides

Mo ka lẹ́tà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 42 ni. Eṣinṣin kan ni wọ́n ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ yìí ti ń pè é kiri inú ilé. Tó bá dé "Parastra", á dúró, á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Lánàá tí mo ń yọ aṣọ nínú aró, ó wá dúró tì mí tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ní ẹ̀keje, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò, orúkọ náà há sí i lẹ́nu, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń darí wọn sì ní kó lọ jókòó. Kò sọ fún un bí wọ́n ṣe ń pè é.

Èmi ò ka ìwé sáyẹ́ǹsì. Aró àti ẹ̀kọ tí a fi ń ya aṣọ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ mi tún padà sí iwájú wọn lọ́wọ́ òfo. Ẹ bá mi gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì sọ bí ẹnu ṣe ń pè é. Mi ò ní sùn kíákíá lálẹ́ òní.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì (Ọ̀tà-Ẹfun)

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é lẹ́nu. Odindi àpò gàrí ló fẹ́ dá gbé lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ kóńgò kóńgò là ń wọn gàrí.

Kí a tó wá sílébù, ẹ jẹ́ kí a wá ìtumọ̀. Tí ẹ bá rí Olúwafẹ́rànmí nínú ìwé, ẹ kì í ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú yín ti rí Olúwa, ó ti rí fẹ́ràn, ó ti rí mi, ẹnu sì ti pè é tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ń hun orúkọ ẹranko, àfi pé òwú Gíríìkì àti ti Látìnì ni wọ́n fi ń hun tiwọn. Àwọn ègé tó wà nínú ti eṣinṣin yìí nìyí:

para: ẹ̀gbẹ́, ohun tó sún mọ́ nǹkan
stratio: láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọmọ ogun
spheco: agbọ́n
myia: eṣinṣin
oides: tó jọ

Ogun wọ inú rẹ̀ nítorí pé ìdílé tí wọ́n ń pè ní eṣinṣin ológun ni kòkòrò náà ti wá, Stratiomyidae. Brunetti ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1923, Táílàǹdì sì ni ilé rẹ̀. Ẹ wá fetí sí ibi tó dùn jù. Jẹ́nọ́ọ̀sì kan (ẹgbẹ́ ẹranko tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ ń tọ́ka sí) ti wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Stratiosphecomyia, ìyẹn eṣinṣin agbọ́n ológun. Èyí tí ọmọ yín ní lọ́wọ́ wá ń jẹ́ "ará ẹ̀gbẹ́ Stratiosphecomyia, èyí tó jọ Stratiosphecomyia". Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì!

Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe lẹ́tà 42 ni yóò kọ́. Ẹyọ kan ni yóò kọ́: stratiosphecomyi. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, kó fi para síwájú, kó fi a sẹ́yìn, orúkọ àkọ́kọ́ ti jáde nìyẹn. Kó wá yọ para, kó fi oides rọ́pò lẹ́tà "a" tó wà lẹ́yìn, èkejì náà ti jáde.

Bí èmi ṣe ń gé e ní kíláàsì nìyí:

Pa-ra-stra-ti-o-sphe-co-my-ia
stra-ti-o-sphe-co-my-ioi-des

Mẹ́sàn-án nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́jọ nínú ti èkejì. Tí ẹ bá fẹ́ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, ó máa dún báyìí: pa-ra-stra-ti-o-sfe-ko-mai-ya, stra-ti-o-sfe-ko-mai-oi-diis.

Tó bá máa kọ ọ́ sórí pátákó, lẹ́tà ńlá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré ni ti èkejì, kó sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni a máa ń yọ máàkì àwọn ọmọ sí.

Ìyá Aládìrẹ (Òkè-Baálẹ̀)

Olúwa á bù kún yín, Olùkọ́. Mo pè é jí, ó ti jókòó tì mí báyìí. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní "Mọ́mì, ó ti dín sí ìdajì nìyẹn." Ṣùgbọ́n ó ṣì há síbì kan. "Stra" di "sítírà" lẹ́nu rẹ̀, "sphe" sì ń di "sípè". Ó tún ní kí n bi yín léèrè pé kí ló dé tí ẹ fi pe p àti h ní f.

Bàbá Tíṣà (Ìgbọ̀nà)

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Yorùbá ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀nà tèmi ni màá gbà dé ibẹ̀.

Ọmọ mi, kí ni o ń pe ìlú rẹ? Ò-ṣo-gbo. Sílébù mẹ́ta. Àlejò tó bá wá láti òkèèrè máa ń pè é ní "Oṣog-bo", ó máa ń fi g sí apá kan, ó máa ń fi b sí apá kejì, nítorí kò mọ̀ pé lẹ́tà méjì ni gb lójú ìwé ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni lẹ́nu. A kì í la gb sí méjì láé. Ohun tí ph jẹ́ nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Àwọn Gíríìkì ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un, àwọn Látìnì ló fi lẹ́tà méjì kọ ọ́. Ch náà bẹ́ẹ̀, k là ń pè é. Th náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ gb ti mọ ph, kó má jẹ́ kó dẹ́rù bà á.

Ó wá ku ti "sítírà". Má sunkún nítorí ìyẹn, gbogbo wa ni. Nínú sílébù Yorùbá, fáwẹ́lì ni odo, ìyẹn ọkàn rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì kan péré ló sì lè ṣe apààlà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́, níwájú rẹ̀. A kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ mẹ́ta. Nígbà tí òyìnbó gbé "bread" dé, a fi fáwẹ́lì há a láàárín, ó di búrẹ́dì. "Stove" di sítóòfù. Ti "street" tilẹ̀ le débi pé a ju s rẹ̀ nù, ó di títì. Iṣẹ́ tí ahọ́n rẹ ń ṣe lórí "stra" kò yàtọ̀ sí ìyẹn, èdè ìyá rẹ ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọjọ́ kan péré yìí ni a fẹ́ kó yà kúrò lọ́nà náà díẹ̀.

Ṣe báyìí. Tí o bá rí ọ̀rẹ́ rẹ ní òdìkejì títì ní Ọláìyá, tí o kò fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀, báwo lo ṣe máa pè é? "Sssss!" Kò sí fáwẹ́lì kankan nínú ìyẹn, ẹnu rẹ sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Pe "sssss" náà, kí ó gùn. Láì dákẹ́, láì la ẹnu, fi ahọ́n rẹ kan òkè eyín kí o sì sọ "tra". Sssss-tra. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o máa dín "s" náà kù díẹ̀díẹ̀. Ti "sphe" náà, sssss, kí eyín òkè fara kan ètè ìsàlẹ̀, "fe". Sssss-fe. Má wo orúkọ tó kù rárá títí méjèèjì yìí á fi rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣe kọ́ orúkọ náà láti iwájú. Ẹni tó ń kọ́ ọ láti iwájú mọ ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìparí ló máa ń kú sí i lẹ́nu, ẹ̀rù ìparí náà ló sì ń mú un dúró. Láti ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀:

diis
oi-diis
mai-oi-diis
ko-mai-oi-diis
sfe-ko-mai-oi-diis
o-sfe-ko-mai-oi-diis
ti-o-sfe-ko-mai-oi-diis
stra-ti-o-sfe-ko-mai-oi-diis

Ibi tí o ti mọ̀ ni wàá máa sáré wọ̀ nígbà gbogbo, bí ẹni tó ń padà sílé.

Ọmọ Powerline

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé kò ní rọrùn kí fóònù máa pè é, kí ọmọ náà máa gbè é? Ohùn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì (Ọ̀tà-Ẹfun)

Kó gbọ́ ọ o, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ní kí ohùn náà pe Òṣogbo fún òun. Tó bá pe ìlú wa bí ó ṣe yẹ, kó gbà á gbọ́ lórí èyí tó kù. Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ti ṣe é rí, ohùn mẹ́ta ni wọ́n gbọ́ lórí orúkọ kan, kò sí èyí tó bá èkejì mu, wọ́n sì padà wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Súọ́lọ́jì

Ẹ kú alẹ́, Mà, ẹ kú alẹ́, Bàbá. Súọ́lọ́jì ni mò ń kà, ipele kẹta. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a dúró lọ́jọ́ náà.

Sílébù 17 ni Olùkọ́ gé e sí. Ẹlòmíràn lè gé e sí 20, kò sì jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ibi tí fáwẹ́lì ti pàdé fáwẹ́lì lọ. Olùkọ́ so ia pọ̀, ó so ioi pọ̀. Ẹni tó bá fún fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀ á ní my-i-a àti my-i-o-i-des, mẹ́wàá á wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwa Yorùbá tilẹ̀ máa ń fẹ́ràn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, nítorí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró nínú èdè wa. Ẹ wo "ọ̀ọ́dúnrún", a kì í gbé ọ̀ kan mì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń fi èdè òyìnbó pè é, "maiya" ni myia, "oidiis" ni oides. Kó mú ọ̀kan, kó má fi wọ́n lúra.

Ìlànà àgbáyé tó ń darí orúkọ ẹranko gba 1758 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ọdún tí ìtẹ̀jáde kẹwàá Systema Naturae jáde, ìwé tí Linnaeus fi to orúkọ àwọn ẹranko. Òfin pọ̀ nínú ìlànà náà nípa bí a ó ṣe kọ orúkọ. Kò fi òfin de bí a ó ṣe pè é. Ìdí nìyẹn tí ará Jámánì àti ará Amẹ́ríkà fi lè pe orúkọ kan ní ọ̀nà méjì, tí wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, ìdáhùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà: ibi tí a ti ń tẹ ohùn mọ́. Látìnì ní ọ̀nà tirẹ̀. Tí orúkọ bá ní sílébù méjì, àkọ́kọ́ là ń tẹ̀. Tó bá ju méjì lọ, a máa wo èyí tó ṣìkejì láti ẹ̀yìn. Tí fáwẹ́lì rẹ̀ bá gùn, tàbí tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá tẹ̀ lé e, òun là ń tẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a máa sún sí ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn. Ẹ wo erinmi. Àwa fi erin àti omi ṣe orúkọ rẹ̀, àwọn Gíríìkì fi ẹṣin àti odò ṣe é: hippos, potamos. Hip-po-po-ta-mus. "Ta" kúrú, nítorí náà a sún sẹ́yìn, a tẹ "po" tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo ìgbín ńlá wa, Archachatina: Ar-cha-cha-ti-na. "Ti" gùn níbẹ̀, òun la tẹ̀, ch méjèèjì sì jẹ́ k: ar-ka-ka-TÍ-na. Ti eṣinṣin ọmọ yín, ẹ tẹ "mai" nínú orúkọ àkọ́kọ́, ẹ tẹ "oi" nínú èkejì.

Àyàn (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi sì ti ń jó lórí ìlù. Ẹ jẹ́ kí onílù náà sọ tirẹ̀.

Tí a bá fẹ́ fi dùndún pe èèyàn, sílébù kan, ọwọ́ kan. Ò-ṣo-gbo, Ò-rò-kí: mẹ́ta, mẹ́ta. Ìlù kì í gbé sílébù mì. Tí ọmọ tó ń kọ́ ìlù bá fo ọ̀kan, ẹni tí wọ́n ń kì ti mọ̀. Ẹ ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ lu tábìlì bí ó ti ń pe orúkọ yìí. Mẹ́sàn-án, kó sinmi, mẹ́jọ. Tí ìlù bá pé tí ẹnu kò pé, á mọ ibi tí ó jí jẹ.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí mo gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ mi fẹ́ fún un ní ohùn, mí sókè, dò sílẹ̀, bí ẹni ń kì oríkì. Orúkọ náà kò ní ohùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà ní àárín, àfi ibi tí ẹ ní kí ó tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fún ìlù mọ́ra kí ó ké sókè. Ẹ wo bí a ṣe ń pe kọ̀ǹpútà, ibi tí òyìnbó tẹ̀ ni àmì òkè bọ́ sí lẹ́nu wa. Nítorí náà kí ó fi àmì òkè kan ṣoṣo sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí re, re, re:

pa-ra-stra-ti-o-sfe-ko-MÁI-ya
stra-ti-o-sfe-ko-mai-ÓI-diis

Mo lù ú báyìí fún àbúrò mi, òun náà ti ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ẹlẹ́ja (Gbọ́dọ̀fọ̀n)

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Aládìrẹ, ẹ má bínú pé mo pẹ́, ẹja ni mo ń fún lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín dùn mí nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo dìde bi ìbéèrè lórí ẹja àrọ̀, mo sì pè é ní "garipínọ́ọ̀sì". Ẹni tó ń kọ́ wa dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ní kí n lọ kọ́ ìwé kíkà kí n tó sin ẹja. Iwájú èèyàn bí ogójì ni. Mi ò bi ìbéèrè mìíràn títí a fi túká, bẹ́ẹ̀ ẹja mi ń kú nílé lọ́jọ́ náà, ìdí tí mo fi dìde gan-an nìyẹn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé e kan péré ni mo jẹ mọ́ ọn. Clarias gariepinus. Gariep ni orúkọ odò ńlá kan ní South Africa, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Orange, odò yẹn ló wà nínú orúkọ ẹja náà. Ga-ri-e-pi-nus, márùn-ún. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé odò ló wà níbẹ̀, e náà kò já bọ́ lẹ́nu mi mọ́. Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ, ìtumọ̀ ló ń so ó mọ́ni lórí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni pé ìbátan eṣinṣin ọmọ yín wà lẹ́yìn ilé mi. Mo ń sin ìdin Hermetia illucens fún oúnjẹ ẹja, eṣinṣin ológun ni òun náà, ìdílé kan ni wọ́n. Her-me-ti-a il-lu-cens. Àgbà rẹ̀ dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sá fún un pé agbọ́n ni, kì í sì í tani rárá. Ẹ mú ọmọ náà wá ní Sátidé kí ó fojú rí i. Ẹni tó bá ti rí nǹkan, orúkọ rẹ̀ kì í ṣòro fún un tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Ayò

Ẹ fún un ní ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni. Kó máa fi ọmọ ayò kan sí ihò kan fún sílébù kan, kó sì rí i pé mẹ́sàn-án péré ló kún. Bí mo ṣe kọ́ ọmọ-ọmọ mi ní orúkọ oṣù nìyẹn.

Bàbá Tíṣà (Ìgbọ̀nà)

Ó dára. Mo tún rántí ohun kan tó lè ṣì í lọ́nà tí wọ́n bá bi í léèrè orúkọ mìíràn níbẹ̀, pàápàá ti ẹ̀fọn. Anopheles gambiae ni. Ní Yorùbá, n àti m lè dá jẹ́ sílébù: pa-ń-la, mẹ́ta. Nítorí náà etí wa á fẹ́ gé gambiae sí ga-m-bi-ae. Látìnì kò fún m ní ìjókòó tirẹ̀, ara ga ló wà: gam-bi-ae, mẹ́ta péré, ae sì jẹ́ ẹyọ kan. Anopheles, A-nó-phe-les, "no" ni kó tẹ̀.

Ìyá Aládìrẹ (Òkè-Baálẹ̀), alẹ́ Sátidé

Ẹ kú alẹ́ gbogbo yín. Mo ti ti aṣọ sílẹ̀ lónìí, Gbọ́dọ̀fọ̀n la lọ.

Ẹlẹ́ja mú wa dé ìdí àwọ̀n tí ó fi bo àwọn eṣinṣin náà. Ọmọ mi kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, agbọ́n ló rò pé ó rí. Bùọ̀dá ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú àwọ̀n, ọ̀kan bà lé e ní àtàǹpàkò, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Dúdú ni gbogbo ara rẹ̀, àfi òpin ẹsẹ̀ rẹ̀ tó funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìgbà náà lọmọ mi na ọwọ́ tirẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "stratio, ológun. Spheco, agbọ́n. Myia, eṣinṣin." Ó ní "Mọ́mì, ohun tí ojú rí ni wọ́n kọ sílẹ̀."

Nígbà tí a ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀. Mo kà á, mẹ́sàn-án, ó dúró, mẹ́jọ. "Stra" rẹ̀ ti ń jáde, kò ní "sítírà" nínú mọ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ̀ láti Ọláìyá dé Òkè-Baálẹ̀. Ọlọ́run á gbọ́ ti ọmọ yín náà.

Amọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ kú alẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sákòókò fún mi. Mo máa ń mú àlejò wọ Igbó Ọ̀ṣun, àwọn tó wá láti òkè òkun sì pọ̀ láti ìgbà tí UNESCO ti fi igbó náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Nígbà tí Ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù kẹjọ, wọ́n tún máa ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè kan tí wọn kì í fi sílẹ̀ ni ti àwọn ọ̀bọ tó ń fò lórí igi níbẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn, Cercopithecus mona, ṣùgbọ́n mo máa ń sáré pè é kó lè tètè kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e.

Ìyá Aládìrẹ (Òkè-Baálẹ̀)

Ẹ kú alẹ́, Bùọ̀dá. Èmi ọmọ wọn ni mò ń kọ èyí, Mọ́mì ló fún mi ní fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀, kí Olùkọ́ àti Bàbá Tíṣà tún un ṣe tí mo bá ṣì í.

Mo wo ìtumọ̀ rẹ̀ kí n tó gé e. Cerco jẹ́ ìrù, pithecus jẹ́ ọ̀bọ, nítorí náà ọ̀bọ onírù ni. Ẹ gé e sí Cer-co-pi-the-cus, márùn-ún, àti mo-na, méjì. C mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wà níwájú e, s la máa pè é. Ti èkejì wà níwájú o, ti ẹ̀kẹta wà níwájú u, k la máa pe àwọn yẹn. Th kì í pínyà, bíi gb ni. "The" tó ṣìkejì láti ẹ̀yìn gùn, òun ni ẹ máa fún ní àmì òkè. Nínú mona, "mo" ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ lu nǹkan:

kus
thí-kus
pi-thí-kus
ko-pi-thí-kus
ser-ko-pi-thí-kus

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó fi mó-na kún un.